Beat Márùn-ún, Lù Kan Ṣoṣo

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Àgùnbánirọ̀ ni mí. Ilé iṣẹ́ rédíò ni wọ́n pín mi sí, iṣẹ́ mi sì ni kí n máa túmọ̀ ìròyìn láti Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀gá mi fi gbólóhùn márùn-ún yẹ̀ mí wò. 'Beat' wà nínú márààrún. 'Lù' ni mo lò fún gbogbo wọn, nítorí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ wa nílé ìwé: beat, lù. Ọ̀gá mi fi bírò pupa fa ilà sábẹ́ mẹ́rin, ó ní kí n lọ wádìí. Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí gan-an ni beat ń jẹ́ ní Yorùbá? Strike, hit àti knock ńkọ́? Ṣé wọ́n yàtọ̀ síra ni?"

Ọmọ mi, mo ka gbólóhùn márààrún tó o fi ránṣẹ́, mo sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Kì í ṣe ìwọ ni mo fi ń rẹ́rìn-ín o, ara mi ni mo rántí. Ó ti lé ní ogún ọdún báyìí tí ẹnì kan gbé fíìmù Gẹ̀ẹ́sì kan fún mi pé kí n kọ Yorùbá sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ọlọ́pàá arúgbó kan wà nínú rẹ̀ tó ń sọ pé ó pẹ́ tí òun ti ń rìn lórí "beat" yìí. Òru ni mo fi ń ṣiṣẹ́ náà, oorun ń kùn mí, ni mo bá kọ ọ́ pé, "Ó pẹ́ tí mo ti ń rìn lórí ìlù yìí." Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe gbé e jáde. Àbúrò mi kan ló pè mí lórí fóònù: "Ẹ̀gbọ́n, ọlọ́pàá yẹn, ṣé onílù ni àbí oníjó?"

Gbólóhùn rẹ kẹta wá rí báyìí: "Kọ́ńsítébù náà wà lórí ìlù rẹ̀ nígbà tí àwọn olè lù." Ṣé o rí i pé ìdílé kan náà ni wá?

Beat ọlọ́pàá ni àdúgbò tí wọ́n pín fún un láti máa fẹsẹ̀ yí ká. Àwọn Òyìnbó gbà pé ẹsẹ̀ máa ń lu ilẹ̀, débi pé ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti tọ̀ títí tí koríko kò fi hù lójú rẹ̀ mọ́, ọ̀nà tí wọ́n ti lù ni wọ́n ń pè é. Àwa kì í fi ẹsẹ̀ lu ọ̀nà, ńṣe la máa ń tọ̀ ọ́ tàbí ká tẹ̀ ẹ́. Nítorí náà, kọ ọ́ pé, "Ọlọ́pàá náà ń yí àdúgbò ká lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tí àwọn olè ṣọṣẹ́." Ìlù kò sí níbẹ̀ mọ́, ojú ọ̀rọ̀ sì mọ́.

Ohun tó jẹ beat lógún ní Gẹ̀ẹ́sì ni pé kí nǹkan máa ṣẹlẹ̀ léraléra lójú kan náà. Ọkàn ń ṣe bẹ́ẹ̀, ìyẹ́ ẹyẹ ń ṣe bẹ́ẹ̀, fọ́ọ̀kì tó ń po ẹyin nínú abọ́ náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Strike ní tirẹ̀ máa ń dé lójijì, bíi ti ààrá, bíi ti ejò, bíi ti àwọn olè inú gbólóhùn rẹ. Knock ń fẹ́ kí nǹkan líle kan nǹkan líle, ká sì gbọ́ ìró rẹ̀. Ní ti hit, kí ohun tí a jù ti bà á ló ṣe pàtàkì, ìyókù kò kàn án.

Àwa Yorùbá kì í pín in báyẹn. Ohun tí wọ́n fi lu nǹkan la máa ń kọ́kọ́ wò, àti ohun tó wá ṣẹlẹ̀ sí nǹkan náà. Tó bá jẹ́ ọmọ odó ló ń wọnú odó, gún ni. Tó bá jẹ́ pàṣán, nà ni. Àtẹ́lẹwọ́ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, ìyẹn gbá a létí. Ẹ̀ṣẹ́ ńkọ́? Kíkàn ni wọ́n ń kan ẹ̀ṣẹ́, òun la fi ń pe oníjà ẹ̀ṣẹ́ ní akànṣẹ́. Tó bá jẹ́ ẹsẹ̀, ó ta á nípàá. Òkò àti ọta ìbọn, wọ́n bà á. Ọkọ̀ gbá ènìyàn, ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ọkọ̀ méjì, wọ́n kọlu ara wọn. Ìṣó ńkọ́? A ó kàn án mọ́ pákó. Ìṣáná ńkọ́? A ó ṣá a, orúkọ rẹ̀ gan-an ti sọ iṣẹ́ rẹ̀: ì-ṣá-ná. Gbogbo èyí tí mo kà sílẹ̀ yìí, strike tàbí hit lè gbé e fún Òyìnbó.

Agbára àti ìró tí Òyìnbó ń kó sínú ọ̀rọ̀-ìṣe, ẹ̀yìn ọ̀rọ̀-ìṣe làwa ń gbé e sí. Wo ilẹ̀kùn kan ṣoṣo. Àlejò tó ń tijú dé, ó "tap" ilẹ̀kùn, a ó ní ó rọra kan ilẹ̀kùn kó-kó. Ará ilé dé, ó "knock", a ó ní ó kan ilẹ̀kùn. Lọ́wọ́ òru, ẹni tí ìyàwó rẹ̀ ń rọbí wá jí onímọ́tò, ó "bang" ilẹ̀kùn, a ó ní ó lu ilẹ̀kùn gbà-gbà-gbà. Tó o bá wá kọ "ó kan ilẹ̀kùn" fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, o ti pa ìtìjú ẹni àkọ́kọ́ rẹ́, o sì ti pa ìpayà ẹni ìkẹta rẹ́. Kó-kó àti gbà-gbà-gbà yẹn kì í ṣe ọ̀ṣọ́ o. Ibẹ̀ gan-an ni ìtumọ̀ wà. Àwọn ọ̀dọ́ atúmọ̀ èdè máa ń tijú láti lò wọ́n, wọ́n ń rò pé ọ̀rọ̀ ọmọdé ni. N kò mọ ẹni tó kọ́ wọn bẹ́ẹ̀.

Mo ṣe ògbufọ̀ ní ilé ẹjọ́ fún ìgbà díẹ̀, ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí ju eré lọ. Lọ́jọ́ kan, obìnrin kan wà nínú àpótí ẹlẹ́rìí, èmi kọ́ ni mo ń túmọ̀ fún un, mo kàn jókòó lẹ́yìn. Ó ní, "Ó nà mí. Nígbà tó nà mí tán, ó tún lù mí." Ògbufọ̀ fi beat túmọ̀ méjèèjì. Lọ́yà ọkọ rẹ̀ dìde, ó ní ẹlẹ́rìí náà ń fi ẹnu kan náà sọ ohun kan náà lẹ́ẹ̀mejì kí ọ̀rọ̀ lè pọ̀. Obìnrin náà ń wò ó bí ẹni ń wo wèrè. Adájọ́, tó gbọ́ Yorùbá dáadáa, ló bi í pé, "Kí ló fi nà ẹ́?" Ó ní bẹ́líìtì. "Kí ló wá fi lù ẹ́?" Ó ká ìka rẹ̀ pọ̀, ó gbé ìkúùkù sókè. Bẹ́líìtì kọ́kọ́ wáyé, ìkúùkù tẹ̀ lé e. Ẹ̀sùn méjì ni obìnrin yẹn mú wá, ọ̀kan ṣoṣo ni Gẹ̀ẹ́sì ògbufọ̀ gbé dé iwájú adájọ́. Lóòótọ́, nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, àwọn ènìyàn máa ń lo nà àti lù bí ẹni pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹnì kan bá tò wọ́n tẹ̀ léra báyẹn, ó mọ ohun tó ń sọ.

Òfin Gẹ̀ẹ́sì pàápàá mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan kò tó. Nínú Criminal Code tí a jogún ní gúúsù Nàìjíríà, abala 252 tó sọ ohun tí assault jẹ́, ọ̀rọ̀-ìṣe mẹ́ta ni wọ́n kọ́kọ́ tò síra: strikes, touches, moves. Ẹni tó lu ẹnìkejì wà níbẹ̀, ẹni tó fọwọ́ kàn án láìgba àṣẹ rẹ̀ wà níbẹ̀, ẹni tó tì í kúrò níbi tó wà náà kò gbẹ́yìn. Tí ìròyìn assault bá tún kàn ọ́, má sáré kọ "ó lù ú" kó o tó mọ ohun tó ṣe gan-an. Ẹni tó fọwọ́ ti ènìyàn lè pe ilé iṣẹ́ yín lẹ́jọ́ tí ẹ bá ní ó lù ú.

Hit ní ìtàn tó dùn. Kì í ṣe ọmọ bíbí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ará àríwá Yúróòpù tó fi ọkọ̀ ojú omi wá jagun, tí wọ́n sì tẹ̀dó síbẹ̀, ló gbé e wá, ohun tó sì túmọ̀ sí lẹ́nu wọn ni kí ènìyàn bá nǹkan pàdé, kó rí i. Lónìí yìí, bí ará Sweden bá ní "hitta", ó ń sọ pé òun rí nǹkan tí òun ń wá. Ìdí nìyẹn tí Òyìnbó fi lè "hit" èrò kan lórí ibùsùn rẹ̀ láìgbé ọwọ́ sókè. Kàn tiwa náà ní irú ìwà yẹn. A kan ilẹ̀kùn, a kan ìṣó, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà tún kàn mí, ó kàn ọ́ láti sọ̀rọ̀, a sì gbẹ́ kànga títí a fi kan omi. Ibi tí mo ti gbádùn èyí jù ni pé Òyìnbó tó gbẹ́ ilẹ̀ tó sì bá epo pàdé, "strike" ló ń lò. Nígbà tí wọ́n kan epo ní Oloibiri lọ́dún 1956, Gẹ̀ẹ́sì àti Yorùbá jọ sọ ọ́ bákan náà láìmọ̀. Irú àǹfààní bẹ́ẹ̀ kì í pọ̀, tó o bá rí i, gbà á.

Strike fúnra rẹ̀, ẹ̀rọ̀ ni nígbà ìwáṣẹ̀. Nínú Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, kí ènìyàn fọwọ́ ra nǹkan jẹ́jẹ́, kó fọwọ́ pa á, ló túmọ̀ sí. Stroke tí wọ́n fi ń sọ pé ènìyàn ń fọwọ́ pa ológbò lórí, ìbátan rẹ̀ ni. Bí ọwọ́ ìfẹ́ ṣe di ọwọ́ ìjà nìyẹn. Nà tiwa kò jìnnà sí i: à ń na ọmọ, a tún ń na ọwọ́, a sì ń na ara lórí ẹní.

Ìwọ tó o wà ní rédíò, strike tí wàá bá pàdé jù ni ti àwọn òṣìṣẹ́. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú omi ni. Láti strike ìgbòkun ni láti sọ ọ́ kalẹ̀. Lọ́dún 1768, àwọn atukọ̀ ní èbúté London sọ ìgbòkun ọkọ̀ kalẹ̀ kí ọkọ̀ má baà lè gbéra, nítorí owó iṣẹ́ wọn. Ibẹ̀ ni orúkọ náà ti mọ́ gbogbo òṣìṣẹ́ tó bá kọ̀ láti ṣiṣẹ́. Àwa wò ó ní tiwa, a ní ìdaṣẹ́sílẹ̀, wọ́n da iṣẹ́ sílẹ̀, tàbí ìyanṣẹ́lódì. Kò sí pé ẹnikẹ́ni lu ẹnikẹ́ni. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àti ti rélùwéè, tí Michael Imoudu jẹ́ aṣáájú fún, da iṣẹ́ sílẹ̀ ní Oṣù Kẹfà ọdún 1945, ó lé ní oṣù kan kí nǹkan tó padà bọ̀ sípò. Nígbà tí ASUU sì tilẹ̀kùn yunifásítì láti Oṣù Kejì títí di Oṣù Kẹwàá ọdún 2022, gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ń pè é ní sítíráíkì. Lórí afẹ́fẹ́, ìyanṣẹ́lódì ni kó o wí. Nínú ọ̀rọ̀ tẹ́nìkan sọ fún yín níta, fi sítíráíkì rẹ̀ sílẹ̀ fún un.

Àwọn ará wa ní Amẹ́ríkà á ní mo gbàgbé strike inú eré baseball. Ẹni tó ju igi sí bọ́ọ̀lù tí igi kò bà á, strike ni wọ́n kà sí i lọ́rùn. Ọ̀rọ̀ tó ń jẹ́ lílù di orúkọ àìbà! N kò ní túmọ̀ ìyẹn fún ẹnikẹ́ni.

Knock, ìwọ̀nba ni mo ní láti sọ nípa rẹ̀. Tí mẹkáníìkì bá ní ẹ́ńjìnnì ti nọ́ọ̀kì, má wá Yorùbá ìjìnlẹ̀ fún un. Gbogbo awakọ̀ tó ń gbọ́ ọ ló mọ ohun tí nọ́ọ̀kì jẹ́, wọ́n sì mọ iye tó máa ná wọn. Bákan náà ni bíìtì tí àwọn ọmọ olórin ń ṣe ní sítúdíò. Ẹni tó bá pè é ní ìlù kò ṣẹ̀, ṣùgbọ́n wọn á bi í pé gángan ni àbí dùndún.

Kó o má baà rò pé Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló ya ọlọ́rọ̀ púpọ̀, wo lù tìrẹ dáadáa. A ń lu ènìyàn, a ń lu ìlù, àmọ́ a tún ń lu jìbìtì, a ń lu òfin, olóṣèlú ń lu owó ìlú ní póńpó. Agogo mẹ́fà lù. Nǹkan burúkú já lu ìdílé kan, ó di àjálù. Èèyàn méjì fi orí gbá orí, ó di ìforígbárí, bẹ́ẹ̀ ó lè jẹ́ pé ẹnu lásán ni wọ́n fi ń jà. Pàtẹ́wọ́ ńkọ́? Pípa la pa á, kò sì sí òkú nílẹ̀. Òyìnbó tó ń kọ́ Yorùbá náà ń sunkún níbì kan báyìí. Sì máa ṣọ́ ohùn rẹ, torí etí ni àwọn olùgbọ́ yín ní, wọn kò rí àmì tó o fi sórí ìwé. "Wọ́n lù ú" jẹ́ ọ̀ràn ọlọ́pàá. "Wọ́n lú u pọ̀" jẹ́ ọ̀ràn ẹni tó ń ro ọkà tàbí oníbíríkì. Garawa tó lu, omi ló ń jò níbẹ̀.

Ó yá, ká padà sí gbólóhùn rẹ. Èkíní ni ọ̀gá rẹ kò fi ilà sí: "Super Eagles lu Cameroon ní 2-0." Ó gbà á fún ọ, èmi náà gbà, ṣùgbọ́n má fi lù jẹun lójoojúmọ́. Wo bí eré náà ṣe lọ. Ní Abidjan, ní ọjọ́ 27 Oṣù Kìíní ọdún 2024, Ademola Lookman ló jẹ góòlù méjèèjì, Cameroon kò rí ọ̀kan dá padà. "Super Eagles fàgbà han Cameroon" bá ìyẹn mu, tàbí "wọ́n gbo ewúro sí wọn lójú." Ti Brazil ní Olympics ọdún 1996 yàtọ̀. Brazil ti ń fi 3-1 ṣíwájú kí Kanu tó dé sí ọ̀rọ̀ náà, ó sì parí sí 4-3. Ìyẹn kì í ṣe lílù, wọ́n já a gbà lọ́wọ́ wọn ni. Tọ́jú "lù wọ́n bí ẹní lu bàrà" síbi kan di ọjọ́ tí irú ohun tí Jámánì fojú Brazil kan náà rí lọ́dún 2014 bá tún ṣẹlẹ̀, 7-1, nínú ilé wọn.

Èkejì: "Àwọn ará Èkó ń kúrò nílé ní aago mẹ́rin láti lu súnkẹrẹ-fàkẹrẹ." Ẹgba wo la fẹ́ fi lu ìyẹn? Beat yìí ń sọ pé kí ènìyàn ṣe nǹkan kí nǹkan mìíràn tó bá a. "Tó" nìkan ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn ní Yorùbá: "Aago mẹ́rin ìdájí ni àwọn ará Èkó ń kúrò nílé, kí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ tó bẹ̀rẹ̀." Tí wọ́n bá sì gbé ìròyìn wá pé awakọ̀ kan "beat" iná ojú pópó, Gẹ̀ẹ́sì Nàìjíríà nìyẹn. Ní London, fífò ni wọ́n ń fo iná náà. Ìwọ kàn sọ pé iná pupa ń tàn, ó sì kọjá.

Ẹ̀kẹrin ló ká mi lára jù, torí ọ̀rọ̀ ìlera ni. O kọ ọ́ pé, "Obìnrin náà ní ọkàn òun ń lù òun kíákíá." "Òun" kejì yẹn ló bà á jẹ́, ó dà bí ẹni pé ọkàn gbé pàṣán. Tí a bá ń sọ̀rọ̀ ọkàn, lù kì í gba ẹnikẹ́ni mọ́ra, kìkì ló ń tẹ̀ lé e: "àyà òun ń lù kìkì". Àyà ni mo sì yàn, nítorí ọkàn lè mú àwọn olùgbọ́ lọ sí ibi èrò àti ìfẹ́. Má sì fi "àyà òun ń já" rọ́pò rẹ̀. Àyà já nígbà tí ìbẹ̀rù bá dé lójijì, kì í ṣe ohun tí dókítà lè kà. Lílù kìkì ló ṣeé kà: nínú àgbàlagbà tó jókòó jẹ́ẹ́, 60 sí 100 ní ìṣẹ́jú kan ni wọ́n kà sí déédéé. Mo mọ ògbufọ̀ kan nílẹ̀ òkèèrè tó túmọ̀ "àyà mi ń já" sí pé nǹkan ń já nínú àyà aláìsàn. Àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe fún ìyá yẹn lọ́jọ́ náà kò lóǹkà, ẹ̀rù abẹ́rẹ́ ló ń bà á.

Lù àti ọkàn, lù àti ìlù, ibẹ̀ ni lù wa ti jọ beat jù. Ì-lù, ohun tí a ń lù. Orúkọ yẹn bá àwọn bàbá wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Kúbà, "ilú" ni àwọn ọmọ Lucumí, ìyẹn àtọmọdọ́mọ wọn níbẹ̀, ń pe ìlù títí dòní. Ṣùgbọ́n bàtá tí à ń fi bílálà lù lójú kan nílé, ọwọ́ lásán ni wọ́n fi ń lu ojú méjèèjì lọ́hùn-ún, Spanish tí wọ́n ń sọ sì ní "tocar", ìyẹn fífọwọ́ kàn. Iṣẹ́ kan náà tí Òyìnbó pè ní lílù, fífọwọ́kàn ni lẹ́nu tiwọn.

Ó ku ẹ̀karùn-ún, tí àwọn agbébọn "beat a retreat" nígbà tí ọdẹ ìlú yọ sí wọn. O ní, "Wọ́n lu ìpadàsẹ́yìn." Ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín níbẹ̀ ni pé ìlù wà nínú rẹ̀ lóòótọ́! Nígbà tí àwọn ọmọ ogun ilẹ̀ Yúróòpù ṣì ń fi ìlù bára wọn sọ̀rọ̀ lójú ogun, ìlù kan wà tí wọ́n ń lù láti sọ pé kí wọ́n padà sẹ́yìn. Nínú márààrún, òun nìkan ni ìlù gidi wà nínú rẹ̀, òun náà sì ni ìlù kò gbọ́dọ̀ jáde nínú Yorùbá rẹ̀, nítorí àwọn agbébọn inú igbó kò ní onílù. "Bí wọ́n ṣe rí àwọn ọdẹ, wọ́n fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ." Tí ọ̀gá rẹ bá fi bírò pupa sábẹ́ ìyẹn, ní kó pè mí.